Táíwò Tí Mo Sin Lẹ́ẹ̀mejì

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ń rò ó lọ́wọ́ bóyá kí wọ́n ṣe iṣẹ́ pásítọ̀. Ìbùkún, ọmọ Ìyá Grace télọ̀, wá jókòó níwájú mi pẹ̀lú bírò, ó ní, "Dádì, ẹ máa sọ ọ́, kí n máa kọ ọ́." Mo ní rárá, èmi náà mọ̀wé kọ díẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo wá lo ọdún méjì nílé-ẹ̀kọ́ Bíbélì. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ tún un ṣe lẹ́nu yín, ẹ máa kà á lọ.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kí n máa lọ. Owó oṣù ńkọ́? A jẹun, àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kàwé, ó tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Táíwò tí a sin ní Ọ̀kà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹkún rẹ̀ kò tíì kúrò lójú mi, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí. Bí kì í bá ṣe òun, ǹ bá ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ láti ọdún gbọọrọ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọmọ Ọ̀kà ni mí. Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà mọ̀ pé ìlú náà fara sí òkè ni, àwọn àpáta ńlá sì jókòó láàrin ilé bí àlejò tí kò fẹ́ lọ mọ́. Ìdí ọ̀kan nínú àwọn àpáta yẹn ni ilé ìjọ wa wà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Jóòbù, Kátíkísì wa, ìyẹn olùkọ́ ìjọ tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ pásítọ̀ níbi tí pásítọ̀ kò bá sí. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni Bàbá Jóòbù, ohùn rẹ̀ nìkan ló sanra. Mo ń gbá ilé ìjọ, mo ń lu agogo, mo ń gbé Bíbélì tẹ̀lé e, bí ẹnìkan bá sì kú, èmi wà lára àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀.

Ohun tó le jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni orúkọ. Lójoojúmọ́ ló ń rán mi lọ kí àwọn ọmọ ìjọ, láti orí òkè dé ìdí òkè. Bí mo bá padà dé, oúnjẹ á ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ta lo rí lónìí?"

Màá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Bàbá Àbẹ́lì, ìyàwó rẹ̀ Síbílà, ọmọ wọn Ọmọ́táyọ̀, èyí tí eyín ń dùn. Lọ́jọ́ kan mo kà títí, mo wá ní, "Mo tún rí Ìyá Ẹlẹ́kọ."

Bàbá Jóòbù fa àwo iyán sẹ́yìn. "Ta ni Ìyá Ẹlẹ́kọ?"

"Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá àpáta, Bàbá."

"Ẹ̀kọ ló ń tà. Ṣé ẹ̀kọ ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ?"

Mo gun òkè padà. Felísíà Àdùkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi í, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè, ó sì bu ẹ̀kọ méjì fún mi. Mo jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà kí ebi má baà pa mí dé ìdí iyán. Títí di òní, mo lè ka àwọn ará ìjọ Ọ̀kà ìgbà náà láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Àwọn tó ti kú pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n n kò yọ wọ́n kúrò.

Ohun kan ló wà lára Bàbá Jóòbù tí n kò fẹ́ràn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, yóò ti ilé ìjọ, yóò fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ òkúta, yóò gbé ọkọ́ lé èjìká, ó di oko. Ẹnikẹ́ni kì í rí i. Bí o bá fẹ́ kú ní Ọ̀kà nígbà náà, o ní láti fara dà á di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé Ọlọ́run náà máa ń lọ sóko lọ́jọ́ Ajé ni?"

Ó ní, "Ọlọ́run kì í lọ. Ìdí tí èmi fi ń lọ nìyẹn. Bí n kò bá lọ, màá gbàgbé èwo nínú àwa méjèèjì ni Ọlọ́run."

Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Ọmọdé gbọ́n, ṣùgbọ́n kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣèlérí nínú ara mi pé bí mo bá di pásítọ̀, ilẹ̀kùn mi kò ní tì láé.

Mo sì mú ìlérí náà ṣẹ. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Wọ́n gbé mi lọ sí Ìkàrẹ́ lẹ́yìn tí mo gbé Rẹ̀bẹ́kà níyàwó. Ìjọ kékeré ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, ó sì ń dàgbà. Kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń gùn, lẹ́yìn náà ó di alùpùpù. Agogo di gbohùngbohùn. Ìwé orin tí gbogbo wa ń dì lọ́wọ́ ti di ohun tí àwọn ọmọ ń tàn sára ògiri báyìí. Gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyẹn dára, n kò bá ọ̀kankan jà. Fóònù ló bá mi jà. Kí fóònù tó dé, ẹni tó bá fẹ́ rí pásítọ̀ ní láti wọ bàtà. Kí ó tó rìn dé ọ̀dọ̀ mi, ìdajì ìṣòro rẹ̀ ti já bọ́ lójú ọ̀nà. Fóònù kò jẹ́ kí nǹkan kan já bọ́. Wọ́n ń pè mí nígbà tí mo ń jẹun, wọ́n ń pè mí nígbà tí mo ń wẹ̀. Ìyá Títílayọ̀ pè mí pé adìẹ òun kò yé mọ́, kí n gbàdúrà sórí fóònù, òun yóò gbé e sétí adìẹ. Mo gbàdúrà náà o.

N kò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn rí i pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí ń dùn lẹ́nu mi bí oyin ti dà bí èèpo ẹ̀pà. Mo ń wàásù, etí mi ń gbọ́ ọ, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ké "Pásítọ̀" lójú ọ̀nà, màá yẹra lójú fèrèsé. Mo máa ń sá wọ ilé ìdáná, màá dúró sẹ́yìn ìkòkò omi bí olè. Lẹ́yìn náà ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi. Èmi tí Bàbá Jóòbù tọ́! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo obìnrin ní Màmá, gbogbo ọkùnrin ní Bọ́ọ̀dá. Àwọn ará ìjọ rò pé ọ̀yàyà ni. Rẹ̀bẹ́kà nìkan ló rí mi.

"Dádì Tósìn," ó ní, "kí ni orúkọ èmi?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo dúró díẹ̀ kí n tó dáhùn, òun náà sì rí i pé mo dúró.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ ìwé pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ká a sínú àpò àyà ẹ̀wù mi. N kò mọ ọjọ́ tí màá fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kàn án, ara á tù mí díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé kú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, òun ló kan gbogbo àga gbọọrọ inú ilé ìjọ wa ní Ìkàrẹ́. Èjìrẹ́ ni, Táíwò rẹ̀ lọ ń ṣe àgbẹ̀ ní Ọ̀kà lẹ́yìn tí mo ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sì tíì rí i rí. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn débi pé ìyá wọn pàápàá máa ń wo àpá orúnkún Kẹ́hìndé kó tó nà án. Lọ́sẹ̀ náà mo ti ṣe ìsìnkú méjì, mo so ìgbéyàwó kan, mo sì ṣe ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta. Mo wàásù nínú ilé ìjọ, kò burú. A dé etí ibojì. Mo ṣí ìwé àdúrà, mo gbé ohùn sókè, mo ní:

"A fi ara arákùnrin wa Táíwò fún ilẹ̀."

Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo tún un sọ, mo rò pé wọn kò gbọ́. Ẹnìkan wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú mi.

"Pásítọ̀, èmi ni Táíwò."

Mo gbójú sókè. Ojú tí mo rí ni ojú ẹni tó wà nínú pósí. Ó dúró létí ibojì, ó bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, ó ń wò mí. Àárẹ̀ ti gbé ọgbọ́n orí mi lọ. Mo gbàgbé pé èjìrẹ́ ni wọ́n. Mo fà sẹ́yìn, mo fi ìdí jókòó sórí yẹ̀pẹ̀, yẹ̀pẹ̀ gbé mi, ẹsẹ̀ mi kan sì wọ inú ibojì. Ọkùnrin mẹ́ta ló fà mí jáde. Ìyàwó Táíwò, Màmá Ṣadé, ti figbe ta pé wọ́n ti pe ọkọ òun sínú ilẹ̀. Àwọn èwe ń sá. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kò dúró gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó wàràwàrà. Nínú rúdurùdu náà, kò sẹ́ni tó rántí pe orúkọ Kẹ́hìndé.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Alàgbà Ìsíkẹ́ẹ̀lì ni alága.

Ó ní, "A ní kí wọ́n sin òkú, wọ́n fẹ́ sin alààyè mọ́ ọn. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀la ni wọn yóò so ọkọ ìyàwó pọ̀ mọ́ ìyá ìyàwó."

Ìyá Dèbórà, olórí àwọn obìnrin, ní, "Alàgbà, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Kí wá ni oògùn rẹ̀?"

Èmi ti fọwọ́ bọ àpò àyà, mo ti di ìwé mi mú, mo fẹ́ fà á yọ. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, Táíwò sì wọlé. Alàgbà Ìsíkẹ́ẹ̀lì fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀rù ojú yẹn kò tíì tán lára ẹnikẹ́ni.

"Ẹ jókòó, Alàgbà," Táíwò wí. "Mo gbọ́ pé ẹ ń dá ẹjọ́. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n sin ni?"

"Rárá."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n sin sọ̀rọ̀." Ó kọjú sí mi. "Pásítọ̀, láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi kò ti jẹ́ kí n rí oorun sùn. Bí mo bá dijú, á jí mi, á ní kí n dáhùn. Ẹ̀yin lẹ pe orúkọ mi sínú ilẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa pè é jáde. Lọ́jọọjọ́ Ajé, ẹ máa wá sí oko mi ní Ọ̀kà. Ẹ máa pe orúkọ mi, èmi á dá yín lóhùn, ìyàwó mi á sì gbọ́."

Alàgbà Ìsíkẹ́ẹ̀lì ní, "Títí di ìgbà wo?"

"Títí iṣu á fi ta."

Ẹjọ́ tí wọ́n dá fún mi nìyẹn. Mo dá ìwé mi padà sínú àpò. Mo ní nínú ara mi pé bí iṣu bá ta, màá fún wọn.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, Súlè ọlọ́kadà ló gbé mi láti Ìkàrẹ́. Mùsùlùmí ni Súlè, ó sì ti gbọ́ ìtàn náà. Gbogbo Ìkàrẹ́ ló ti gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ọ̀kà. Ó ní, "Pásítọ̀, bí ẹ bá ń gbàdúrà fún ọlọ́kadà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi."

Mo dé ẹnu oko, mo pe, "Ẹ̀gbọ́n Táíwò!"

"Mo wà níbí o," ó dáhùn láti inú ewé. "Màmá Ṣadé, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́," ìyàwó rẹ̀ wí láti ìdí ààrò. Kò wò mí lójú.

Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Táíwò fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́ yẹn? Orúkọ nìkan ni mo ní kí ẹ pè. Ẹ ti pè é. Kí ló ń dún nínú àpò yín?"

Fóònù ni. Ó gbà á, ó so ó mọ́ igi kan lókèèrè níbi tí ohùn rẹ̀ kò ti lè dé ọ̀dọ̀ wa, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi káṣíù, ó sì fi mí sílẹ̀ lọ sídìí ebè rẹ̀. Mo ní kí n kàn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti rọ̀. Wọ́n ti da aṣọ bò mí, iṣu sísun àti epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti tutù. Táíwò jókòó, ó ń wò mí.

Ó ní, "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ kú lónìí. Mo ti ń wá orúkọ yín láti pè."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Nígbà tí mo gba fóònù, àwọn tó ti pè mí pọ̀. Mo pè wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ti yanjú ọ̀rọ̀ wọn fúnra wọn.

Ọjọ́ Ajé kẹta tàbí ìkẹrin, òjò ti bẹ̀rẹ̀, a ń kọ ebè. Mo wá jẹ́wọ́ fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò mọ orúkọ àwọn ọmọ ìjọ mi mọ́."

"Ṣé ẹ mọ tèmi?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Tèmi ni ẹ mọ̀ jù." Ó tutọ́ sí ọwọ́, ó di ọkọ́ mú. "Ó dáa. Ebè tí ẹ bá kọ, ẹ fún un lórúkọ ẹnìkan. Ẹni tó bá wá sọ́kàn yín fúnra rẹ̀ ni o. Ẹ má fi ipá fa ẹnikẹ́ni."

Ebè tí mo kọ́kọ́ kọ ń jẹ́ Rẹ̀bẹ́kà. Èkejì ń jẹ́ Ìyá Títílayọ̀, aládìẹ. Márùn-ún péré ni mo rí kọ lọ́jọ́ náà, torí ẹni márùn-ún ló wá. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n lé. Bí mo bá ń ro ìdí ebè Bọ́ọ̀dá Jíire aránbàtà, màá rántí pé ẹ̀yìn ń dun ìyàwó rẹ̀. Bí mo bá padà sí Ìkàrẹ́, màá yà kí wọn. N kò gbàdúrà gígùn kankan nínú oko náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé iṣu ń fà gun igi, tí mo bá dúró láàrin wọn, tí mo ń kà wọ́n láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ara mi a máa yá gágá. Ohùn mi padà wá lórí àga ìwàásù. Rẹ̀bẹ́kà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ wàásù lónìí. Àwọn ọjọ́ ìyókù, ẹ̀ ń kàwé fún wa ni."

Ebè kan ṣoṣo ni kò hù. Táíwò dúró sí i lórí. "Ta ló ni èyí?"

"Alàgbà Ìsíkẹ́ẹ̀lì," mo ní. "Kò yà mí lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe rí nínú ìjọ náà nìyẹn."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó fi ọkọ́ tú ebè náà. Òkúta pẹlẹbẹ kan ló wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ Ọ̀kà kún fún irú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ ebè lé òkúta lórí. Ẹ̀bù iṣu kò jẹ̀bi."

A gbé ẹ̀bù náà síbòmíràn, ó hù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo lọ kí Alàgbà Ìsíkẹ́ẹ̀lì nílé rẹ̀. N kò lọ síbẹ̀ rí bí kò ṣe fún ìpàdé. Mo bá a níbi tó ti ń bọ́ ìyá rẹ̀ tí kò lè dìde nílẹ̀ mọ́, ó sì ti ṣe díẹ̀ tó ti ń dá a ṣe. Ó ti rẹ òun náà. A jọ bọ́ màmá náà. Ìyá Abígẹ́lì ni orúkọ rẹ̀.

Iṣu ta. Ọjọ́ tí a wa àkọ́kọ́, Màmá Ṣadé gún un, ó sì gbé ti èmi wá fúnra rẹ̀. Nígbà náà ni mo rántí ìwé mi. Mo fà á yọ láti àpò àyà. Òógùn oko ti wọ̀ ọ́ láti oṣù dé oṣù, ó ti rọ bí àkàrà inú ẹ̀kọ, bírò ti ṣàn pọ̀.

Táíwò ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ìwé tí mo kọ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Ẹ kà á."

Mo wò ó síwá sẹ́yìn. "Kò ṣeé kà mọ́."

"A jẹ́ pé Ọlọ́run náà kò lè kà á nìyẹn," ó wí, ó sì bu iyán.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni ó wá sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, ìyàwó mi ti ń sùn, èmi náà ń sùn. Kẹ́hìndé ni kò tíì sùn. Òun ni ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí a ń bọ̀ wá sáyé, èmi ló rán síwájú kí n wá wò ó bóyá ó dùn. Nígbà tí a ń lọ, ó ní òun á kọ́kọ́ lọ wò ó fún mi. Ó sì lọ láìní orúkọ. Orúkọ tèmi lẹ fi sin ín. Ọjọ́ tí ẹ bá ń sin èmi, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ pè. Kí a lè ṣe déédéé."

Mo ní, "Wọn yóò ní mo tún ti ṣi í."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ṣé ẹ̀ ń tijú ni? Ẹ̀yin tí ẹ fẹsẹ̀ wọ ibojì lójú gbogbo ayé?"

Mo ṣèlérí fún un. Iṣu ti ta, ẹjọ́ ti parí, ṣùgbọ́n mo padà lọ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, àti gbogbo ọjọ́ Ajé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ń ti ilé ìjọ, mo ń fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ òkúta. Àwọn kan ní mo ti ya ọ̀lẹ. Mo rántí Bàbá Jóòbù, mo sì bẹ̀ ẹ́ níbi tó wà pé kí ó foríjì mí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí n dẹ́rù bà yín. Iṣẹ́ ayọ̀ ni. Mo ti gbé àwọn ọmọ tuntun lọ́wọ́ tí mo tún gbé ọmọ wọn. Ìyá Títílayọ̀ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé adìẹ òun ṣì ń yé, kò sì pè mí lórí fóònù, ó rìn wá. Ṣùgbọ́n ẹ wá oko kan. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ti iṣu. Kí ẹ sá ti rí ibi tí ẹnìkan á ti ní kí ẹ má gbàdúrà, kí ẹ sùn.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Ẹ̀gbọ́n Táíwò lọ, lójú oorun, lẹ́yìn tó ti bọ́ ewúrẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ Sámúẹ́lì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní ìjọ Ọ̀kà nísinsìnyí, fi ìwé àdúrà lé mi lọ́wọ́ létí ibojì. Ojú mi kún fún omi, n kò rí nǹkan kan nínú ìwé náà, mo pa á dé. Mo gbé ohùn sókè tó bí ohùn ti lè gòkè lẹ́nu arúgbó.

"A fi ara arákùnrin wa Kẹ́hìndé fún ilẹ̀."

Pásítọ̀ Sámúẹ́lì fà mí lápá ẹ̀wù, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Dádì, Bàbá Táíwò ni o."

"Mo mọ̀."

Màmá Ṣadé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ni o, láàrin ẹkún, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń wí pé, "Wọ́n rántí. Ọkọ mi, wọ́n rántí." Rẹ̀bẹ́kà dá a lóhùn. Súlè, tó ti darúgbó, tó wá láti Ìkàrẹ́ tó dúró lẹ́yìn àwọn ènìyàn, rẹ́rìn-ín títí ó fi di odi mú. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n sọ fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín náà sì ń lọ láti ìlà kan sí èkejì. N kò pe orúkọ Táíwò. Tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ tipẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo gbé ọkọ́, mo lọ sóko náà. Ọwọ́ mi kò lágbára mọ́, ebè kan péré ni mo rí kọ. Mo dúró tì í, mo pe, "Ẹ̀gbọ́n Táíwò!"

Mo dúró díẹ̀. Láti ìdí ààrò, Màmá Ṣadé ní, "Mo gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ẹ̀bù sí i.